Ọ̀rọ̀ Tó Ń Hàn, Tó sì Ń Pòórá

Lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àwọn akọrin ń bọ́ aṣọ orin, Diamond fa Tẹjúmọ́lá lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé ìjọsìn, níbi tí wọ́n ń to àga ike jọ sí. Ọdún mẹ́fà ni àwọn méjèèjì ti ń kọrin pọ̀ nínú ìjọ kékeré yìí ní Ṣógúnlé, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì máa ń dúró. Oyún mẹ́ta ló ti bọ́ lára Diamond láàárín ọdún mẹ́fà náà. Tẹjúmọ́lá ló jókòó tì í nígbà tí èkejì bọ́. Nítorí náà, nígbà tí Diamond kàn gbé ọwọ́ lé ikùn tí kò sọ nǹkan kan, ó yé e.

"O ti fẹ́ra kù?"

"Rọra o! Ó ti wọ oṣù kẹrin. Olúsànyà nìkan ló mọ̀, àti dókítà." Olúsànyà ni ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀.

"Ọlọ́run mi, o ṣeun! Ṣé ò ń lọ sọ́sibítù déédéé?"

Diamond wolẹ̀. "Dókítà ní ẹnu ilé ọmọ mi ni kò lágbára, òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n dúró. Ó ní òun máa fi okùn rán an, títí ọmọ á fi tó bí. Ọjọ́rú tó kọjá ló yẹ kí n lọ. N kò lọ."

"Kí ló dé?"

"Ìyá Shalom ríran sí mi."

Ìyá Shalom ń ta aṣọ ọmọ ọwọ́ ní Òṣòdì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló ń fi ènìyàn jókòó nínú ìjọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ ìran rírí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, ó ti sọ fún bàbá kan nípa ẹjọ́ ilẹ̀ tí òun àti àbúrò rẹ̀ ń bá ara wọn ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ó sì ti sọ fún obìnrin kan nípa kókó tó wà lábẹ́ ọmú rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó máa ń bá a ṣàwàdà tẹ́lẹ̀ ti ń kúnlẹ̀ kí i báyìí.

"Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," ni Diamond wí. "Ó ní, 'Diamond, mo rí abẹ́rẹ́, mo rí okùn. Mo rí ẹ̀rù, mo sì rí àdánù. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ yẹn kàn ọ́.' Tẹjú, n kò sọ fún ẹ̀dá kankan o! Ta ló fẹ́ sọ fún un bí kì í ṣe Ẹ̀mí?"

"Kí ni dókítà wá wí?"

"Ó ní òun kò fẹ́ kó kọjá Ọjọ́rú yìí. Ó ní bí mo bá jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́. Olúsànyà bẹ̀ mí títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n mo kọ̀. N kò lọ. Ṣáà máa bá mi gbàdúrà."

Tẹjúmọ́lá ní òun á gbàdúrà. Ta ni òun tí yóò bá Ẹ̀mí jiyàn? Ó gbàdúrà náà lóòótọ́, lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń fẹnu bẹ̀bẹ̀, tí inú kò sì bá ẹnu lọ.

Wẹ́bùsáìtì ni Tẹjúmọ́lá ń kọ́ fún àwọn ènìyàn. Òun àti Teslim tó ń tún fóònù ṣe ni wọ́n jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Ṣógúnlé. Tábìlì òun wà lápá ọ̀tún, tábìlì Teslim wà lápá òsì. Teslim fi ọdún bíi mẹ́jọ jù ú lọ, Mùsùlùmí ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Teslim wọlé láti Òṣòdì pẹ̀lú gíláàsì fóònù tó lọ rà. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Tẹjú, ẹ̀yin ará ìjọ yín, ṣé ẹ kì í bo àṣírí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ ná."

"Káàárọ̀ ni àbí àmín? Mo pàdé oníbàárà kan tó fẹ́ kọ́ wẹ́bùsáìtì fún ilé ìwé rẹ̀. Mo ní jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yangàn fún un. Mo ṣí ti ìjọ yín lábẹ́ afárá. Nẹ́tíwọ́kì ń wọ́ bí ìgbín. Kí n tó mọ̀, gbogbo àdúrà yín ti tò sílẹ̀ níwájú mi bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo ti ṣe àmín sí méjì kí wọ́n tó pòórá!"

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀."

"Èmi Teslim, ọmọ Alhaja, lábẹ́ afárá Òṣòdì, tí mò ń bá oníṣọ́ọ̀ṣì ṣe àmín. Ṣé irú ọ̀rọ̀ tí mo lè fẹnu ara mi hùmọ̀ nìyẹn?"

Tẹjúmọ́lá fipá rẹ́rìn-ín.

Nínú ìjọ wọn, àpótí onígi kan wà lẹ́bàá pẹpẹ. Ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ á kọ ọ́ sínú ìwé, á ká a, á jù ú sínú àpótí. Kò sẹ́ni tó ń kà á. Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn ìyá àdúrà á kúnlẹ̀ yí àpótí ká, wọ́n á gbọ́wọ́ lé e, wọ́n á bẹ Ọlọ́run fún ohun tí wọn kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kó ìwé inú rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á dáná sun ún. Bẹ́ẹ̀ ni olùdásílẹ̀ ìjọ ṣe fi lélẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ kó lọ sí ọ̀nà jíjìn, tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìsọlọ̀ kò sì ráyè wá mọ́, Pásítọ̀ Olúsọjí ní kí Tẹjúmọ́lá bá wọn kọ́ irú àpótí bẹ́ẹ̀ sórí ayélujára. Ẹni tó bá kọ ẹ̀bẹ̀ á ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, tí yóò fi lè padà wá wo ohun tó kọ, kí ó sì kọ ọpẹ́ sábẹ́ rẹ̀ bí Ọlọ́run bá dáhùn.

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà kọ́ irú wẹ́bùsáìtì bẹ́ẹ̀, tó ń gba ọ̀rọ̀ tó sì ń dáni lóhùn. Ọ̀kan ni kí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà ní ìpamọ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rí nǹkan á béèrè. Kóòdù orí sáfà, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ fún un, á wò ó bóyá ẹni náà ló ni ín. Tirẹ̀ nìkan ló sì máa fi ránṣẹ́ sí i. Èkejì ni kí sáfà kó gbogbo ọ̀rọ̀ dà sínú fóònù ẹni tó béèrè, kí kóòdù inú fóònù wá bo èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni Tẹjúmọ́lá kọ́kọ́ lò. Nígbà tí Pásítọ̀ dán an wò, ó ní ó ń pẹ́ jù, pé gbogbo ohun téèyàn bá tẹ̀ ló ń lọ jìnnà kó tó padà bọ̀. Ọjọ́ ìkórè sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Tẹjúmọ́lá yí i padà sí ọ̀nà kejì láàárín ọjọ́ méjì. Ó yá kíá. Ìjọ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ti pàṣẹ fún fóònù pé kó bo gbogbo ẹ̀bẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun tí ojú kò rí, kò sí níbẹ̀.

Teslim mú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dín agbára nẹ́tíwọ́kì kù títí ó fi dà bíi ti abẹ́ afárá, ó sì ṣí wẹ́bùsáìtì ìjọ. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ dé, ẹ̀bẹ̀ mẹ́tàlélógójì, pẹ̀lú orúkọ. Àṣẹ tó yẹ kó bò wọ́n ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà tó dé, gbogbo rẹ̀ pòórá lẹ́ẹ̀kan náà, àyè tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sí nìkan ló kù.

Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí ni Tẹjúmọ́lá ti máa ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò, níbi tí nẹ́tíwọ́kì ti dára. Kò gbé e dé Òṣòdì rí.

"Ẹ tún un ṣí," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ bọ́ sórí orúkọ Diamond. *Baba, Ọjọ́rú ni wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ àti okùn rán ilé ọmọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Má jẹ̀ẹ́ kí n pàdánù eléyìí. Fún mi ní ìgboyà kí n lè lọ.*

Abẹ́rẹ́. Okùn. Ẹ̀rù. Àdánù. Ẹni tó ka èyí kò kà á dé òpin.

Tẹjúmọ́lá yọ wẹ́bùsáìtì náà kúrò lójú ẹsẹ̀, ó wá jókòó, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún Teslim láì dárúkọ Diamond. Teslim kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"O ti yọ ọ́ báyìí," ló wí. "Tún un kọ́, dá a padà, ta ló máa mọ̀? Sọ fún obìnrin yẹn pé kó lọ sọ́sibítù, ó tán."

"Mo sọ ọ́ báwo? Lójú tirẹ̀, Ọlọ́run ló ní kó má lọ. Àfi tí mo bá sọ ibi tí ìran yẹn ti wá."

"Bí o bá sọ ọ́, Tẹjú, láti ibí dé Máfòlúkù, kò sẹ́ni tó máa gbé iṣẹ́ fún ẹ mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ilé ìwé tí mo ń bá ẹ wá iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní mo mọ̀."

Tẹjúmọ́lá kò dìde nídìí tábìlì yẹn títí oòrùn fi wọ̀. Ó kó gbogbo ẹ̀bẹ̀ kúrò lọ́wọ́ fóònù, ó fi PHP, èdè kóòdù tí sáfà ń gbọ́, kọ àṣẹ tuntun: kí sáfà kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì fi ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ẹni kan ṣoṣo. Yóò pẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú á ní sùúrù. Ohun tó yẹ kó ti yàn láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí, kò sì gbà ju ọ̀sán kan lọ. Èyí ló dùn ún jù. Ṣùgbọ́n kò dá a padà sórí ayélujára. Ó pe Pásítọ̀ lórí fóònù, ó jẹ́wọ́. 

"Lọ́jọ́ Ìsinmi," ni Pásítọ̀ wí, "fúnra rẹ lo máa dúró níwájú ìjọ sọ ọ́. N kò ní bá ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nítorí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ń bẹ nínú ewu, má dúró de Ọjọ́ Ìsinmi."

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ bá Ìyá Shalom ní Òṣòdì. Ìyá náà jókòó sáàárín fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́, ó ń ká wọn ní méjìméjì. Inú rẹ̀ dùn láti rí i.

"Tẹjú wa! Olóhùn iyọ̀! Wá jókòó. Ìgbà wo la máa wá ra ìbọ̀sẹ̀ kékeré yìí fún tìrẹ náà?"

"Ó ń bọ̀ lágbára Olúwa, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ìran tí ẹ ń rí yìí, báwo ló ṣe máa ń wá?"

Ojú Ìyá Shalom yí padà, ó rọ̀, bí ti ẹni tó ń ro ìfẹ́ àkọ́kọ́. "Ogún ọdún ni mo fi bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi ní ẹ̀bùn kan. Èmi kò lè kọrin, èmi kò lè wàásù. Àga ni mò ń tò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà níbí, mi ò tíì pàtẹ. Mo ṣí ibi àdúrà tí o kọ́ fún wa, mo ní, 'Olúwa, fi hàn mí.' Tẹjú, kí n tó pajú dé, ọ̀rọ̀ kún ojú fóònù! Orúkọ àwọn ènìyàn, ìṣòro wọn. Mo kà díẹ̀, ó pòórá. Mo gbé fóònù fún ará ẹ̀gbẹ́ mi kó bá mi wò ó, kò rí nǹkan kan. Èmi nìkan ló hàn sí." Omi lé sójú rẹ̀. "Àárọ̀ àárọ̀ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Láti àná ni kò hàn mọ́. Mò ń bẹ̀rù pé mo ti ṣẹ̀."

Tẹjúmọ́lá ti rò pé ẹni tó ń fọgbọ́n jí ọ̀rọ̀ kà ni òun ń lọ bá. Ó ti to ọ̀rọ̀ líle sílẹ̀ láti ilé. Ọ̀rọ̀ náà tú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Mà, ẹ kò ṣẹ̀. Èmi ni. Ẹ wo èyí."

Ó ti fi kóòdù àtijọ́ yẹn ṣe ojú ewé kan sórí fóònù rẹ̀, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìkan ló sì fi sínú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e síwájú ìyá náà. Nẹ́tíwọ́kì Òṣòdì fà bó ṣe máa ń fà. Ọ̀rọ̀ hàn: *Èmi Tẹjúmọ́lá ni mo kọ èyí. Àṣìṣe mi ni. Ẹ dárí jì mí.* Ìyá Shalom kà á sókè, ó ń fi ìka tọ́ ọ. Kí ó tó parí rẹ̀, ó pòórá lábẹ́ ìka rẹ̀.

Obìnrin kan dúró, ó béèrè iye tí wọ́n ń ta fìlà funfun. Ìyá Shalom kò dá a lóhùn, obìnrin náà sì bínú kọjá lọ.

"Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Ó hàn, ó pòórá.

"O fi mí ṣe ẹlẹ́yà níwájú Ọlọ́run," ni Ìyá Shalom wí jẹ́jẹ́.

"Mà, ẹ̀bẹ̀ Diamond, ẹ kò kà á tán. Ó parí rẹ̀ pé kí Ọlọ́run fún òun ní ìgboyà láti lọ. Ọ̀la ni ọjọ́ tó kù. Ẹ bá mi ká lọ sọ fún un."

"N kò lọ. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó? Dìde níwájú ọjà mi."

Tẹjúmọ́lá dá lọ sí ilé Diamond ní Ìsọlọ̀. Ó bá Diamond lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Diamond gbọ́ ọ títí dé òpin, ó wá rẹ́rìn-ín kan tí kò dára.

"Olúsànyà ló rán ẹ."

"Diamond, mo fi Ọlọ́run—"

"Má fi Ọlọ́run búra níbí. Bó bá jẹ́ irọ́ lò ń pa, irọ́ lò ń pa. Bó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé o ti tẹ́ àṣírí mi fún gbogbo Òṣòdì kà, ìwọ tí mo fi ṣe ọ̀rẹ́. Èwo ni kí n wá tìtorí rẹ̀ gbọ́ tìẹ?" Ó yí ojú sí ògiri. "Fa ilẹ̀kùn yẹn dé tí o bá ń lọ."

Aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú kò tíì lù tí Tẹjúmọ́lá fi tún dé ẹnu ọ̀nà ilé náà. Kò ní ọ̀rọ̀ tuntun kankan láti sọ. Ó bá Ìyá Shalom lórí àtẹ̀gùn, gèlè kò sí lórí rẹ̀, aṣọ àná ló wà lọ́rùn rẹ̀. Kò kí Tẹjúmọ́lá. Òun ló kan ilẹ̀kùn.

Diamond ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Olúsànyà dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́.

"Ìyá Shalom?"

"N kò rí ìran kankan," ni Ìyá Shalom wí. Ó sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó ń gbé ẹrù tó fẹ́ já bọ́. "Inú fóònù ni mo ti kà á. Mo rò pé Ọlọ́run ni. Ìdajì ni mo sì kà. Mo fi ìdajì ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ dẹ́rù bà ọ́, ọmọ mi." Ó kúnlẹ̀ sórí síméńtì náà, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀.

"Ẹ dìde, mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!" Diamond di ògiri mú. Ó wo Tẹjúmọ́lá, ó wo ìyá náà. "Ìgboyà ni mo bẹ̀bẹ̀ fún," ló wí, bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń rán létí. Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Káàdì ọsibítù mi dà?"

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà yẹ Diamond wò, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó ní ẹnu ilé ọmọ náà ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Pé bí wọ́n bá ti wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, kì bá ti rí báyìí. Òun á rán an, ṣùgbọ́n òun kò ní ṣèlérí. Wọ́n gbé Diamond wọlé. Olúsànyà jáde lọ síta, kò lè jókòó.

Tẹjúmọ́lá àti Ìyá Shalom ló kù lórí bẹ́ǹṣì. Àyè ẹni kan ló wà láàárín wọn.

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi," ni Ìyá Shalom wí, kò wo ibì kankan, "ohun kan ṣoṣo tí mo rò pé Ó fún mi nìyẹn."

"Ẹ padà wá sọ òótọ́," ni Tẹjúmọ́lá wí. "Èmi sọ ọ́, kò gbà mí gbọ́. Ẹ̀yin ló gbà gbọ́."

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, Ìyá Shalom sún díẹ̀ sọ́dọ̀ Tẹjúmọ́lá lórí bẹ́ǹṣì, bóyá ẹ̀yìn ló ń ro ó.

Ilẹ̀kùn ṣí. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ìbòmú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, wọn kò lè ka nǹkan kan lójú rẹ̀.

"Ta ni ẹbí Diamond?"

Àwọn méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà.